Wọ́n Ní Ká Bó Ojú Ìyàwó

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bó lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú bíbó wọlé. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́! Obìnrin mẹ́ta jókòó sí ẹ̀yìnkùlé Jímọ́ọ̀ ní Ìkirè láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà níwájú wọn, èèpo rẹ̀ ti dúdú kirikiri, inú rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ará ìlú mìíràn á gbé jù sí ààtàn nìyẹn, òun gan-an la sì fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Sàlámọ̀tù, ìyàwó Jímọ́ọ̀, ló ń fi ata àti iyọ̀ pò ó. Soliat, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ ní ìparí oṣù, ló ń bó o. Maimunah, àkọ́bí, tó ti Ìbàdàn wá bá wọn palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́, ló di fóònù ìyá wọn mú, torí pé ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló mọ́. Èékánná rẹ̀ kì í ṣe èékánná tí wọ́n ń fi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Fóònù dún.

"Ta ni yẹn?" ni Sàlámọ̀tù bi í.

"Ìyá Sheriff ni, láti Àpòmù. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́." Maimunah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti mọ fóònù tẹ̀ o!"

Sheriff ni ọkọ àfẹ́sọ́nà Soliat. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù ni, gbogbo ìgbà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ sí wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ ti jẹun. Maimunah gbójú lé èyí tó dé yìí, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, bí ìyá náà ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, bí gbogbo wa náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́:

E ba wa bo oju iyawo wa daadaa ki e to mu un wa o.

"Kà á síta jàre, kí lo ń wojú mi fún?"

"Wọ́n ní…" Maimunah sún fóònù mọ́ ojú. "Wọ́n ní ká bá àwọn bó ojú ìyàwó àwọn dáadáa ká tó mú un wá."

Ọwọ́ Soliat dúró lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eṣinṣin kan bà sí i lọ́wọ́, kò lé e. Ohun tó dùn ún jù ni pé ìyá rẹ̀ ò yarí, kò pariwo, kò sọ pé "irọ́ ni". Sàlámọ̀tù kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti ń retí ẹ̀."

Ó ti ń retí ẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú ìlú wa yìí, bí ọmọbìnrin bá dúdú, ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ ni pé, "Ó rẹwà o, ó kàn dúdú ni." Ó kàn dúdú! Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "kàn" yẹn, ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Etí Soliat ti kún fún un láti kékeré. Yàtọ̀ sí pé ó dúdú, iná àti epo gbígbóná tó ń ta sí i lójú nídìí agbada ti fi àpá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irorẹ́ náà sì ti fi tirẹ̀ kún un. Sheriff máa ń pè é ní Adúmáadán. Ní báyìí, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọkùnrin náà kàn ń fẹnu dídùn tan òun ni.

Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ jáde síta, àdá lọ́wọ́, ó ń lọ sóko. Ó bá wọn bí wọ́n ṣe dákẹ́.

"Ta ló kú?"

Maimunah tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Àdá bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

"Kí wọ́n bó kí ni? Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọmọ mi lójú wọn ni? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́! Kò síyàwó mọ́! Ẹ ní kí wọ́n wá kó iṣu wọn, kí wọ́n kó àpótí wọn! Mo máa lọ bá lèmọ́mù fúnra mi, mo máa ní kò sí yìgì mọ́!"

"Bàbá Maimunah, ẹ rọra, àwọn ará ilé ń gbọ́," ni Sàlámọ̀tù wí. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe máa ń ṣe kó tó dáná. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpara tó ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́ ti bó ojú rẹ̀ débi pé tí ooru iná bá ti kàn án, ṣe ló máa ń ta á bí ata. Ojú rẹ̀ pupa, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé náà.

"Mi ò ní rọra! Ìwọ náà, kí lo rí sọ?"

Sàlámọ̀tù tún gèlè rẹ̀ wé.

Maimunah ló gbà á sọ. Ó ní kò tó ìjà. Ó ní Ìyá Othniel wà ní Àpòmù, ó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní píìlì: omi kan ni wọ́n máa ń fi pa ojú, awọ òkè á ṣú, á wá ṣí kúrò, tuntun á sì jáde lábẹ́ rẹ̀, àpá á bá a lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara pípa, ó ní àwọn ọmọ ọlọ́lá ní Ìbàdàn ń ṣe é, àwọn dókítà gan-an ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú ní láti jinná kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bí wọn ò bá lọ lónìí, ó ti bọ́ nìyẹn.

"Àwọn dókítà ń ṣe é, òótọ́ ni. Ṣé dókítà wá ni Ìyá Othniel?" Ìyá Ọlọ́runtóbi ló sọ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wọn ni, ó wá ra ewé tí yóò fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, àmọ́ etí rẹ̀ ti dé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. "Ẹ ò gbọ́ ti ọmọ Akínbíyì ni? Ó ṣe é lọ́dún tó kọjá, ojú ẹ̀ wú bùkẹ̀, ó ń ṣomi. Dókítà awọ ní Ifẹ̀ ló bá wọn tún un ṣe."

"Dókítà awọ?" Sàlámọ̀tù gbórí sókè wàrà. "Ó wà ní Ifẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀ dáadáa."

Sàlámọ̀tù tún sọ orí kalẹ̀, ó ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bí ẹni pé òun kọ́ ló bèèrè.

Soliat pe Sheriff lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin náà ń lẹ táìlì nílé kan ní Wásinmi, kì í gbé fóònù bó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Soliat wọlé, ó wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Kò parọ́ fún ara rẹ̀. Kì í ṣe Ìyá Sheriff ló kọ́kọ́ fi àpá yẹn hàn án. Ó pẹ́ tí òun náà ti ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, tó ń wò ó bóyá ó ti dín kù. Bí èèyàn bá lè bá a mú un kúrò, kí ló burú? Àbí kó jẹ́ kí bàbá òun tú ìgbéyàwó ká, kí Sheriff lọ fẹ́ ẹlòmíràn?

Ó jáde síta. "Màá lọ," ló wí.

"Tóò," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó mú àdá rẹ̀ nílẹ̀. "Ìgbà tí ẹ bá bó o tán, ẹ wá fi ẹni tí ẹ mú bọ̀ hàn mí, kí n lè máa dá a mọ̀." Ó bá oko lọ, kò wẹ̀yìn.

Ọ̀kadà gbé àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò dé Àpòmù. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Othniel wà lẹ́bàá títì, ó mọ́, fáànù ń fẹ́, ìyá náà sì lẹ́nu dídùn. Ó fún wọn lómi tútù. Ó kí Soliat kú oríire ìgbéyàwó. Ó fi nǹkan di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó nu ojú rẹ̀, ó ń yìn ín pé ojú rẹ̀ rí rogodo, ó kàn nílò kí wọ́n tún un ṣe díẹ̀.

Ó kàn, ni Soliat ń sọ nínú ara rẹ̀.

Ìyá Othniel gbé ike kékeré kan jáde. Wọ́n ti ya ìwé ara rẹ̀ kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Píìlì ni."

"Mo ní kí ló wà nínú píìlì náà."

"Ásíìdì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bátìrì, má bẹ̀rù," ni ìyá náà fi ẹ̀rín wí. "Á ta ẹ́ díẹ̀. Kó o sì má rìn nínú oòrùn. Kó o má sún mọ́ iná rárá títí á fi jinná."

"Iná? Dòdò ni mò ń dín mà. Iná ni iṣẹ́ mi."

Ìyá Othniel gbé ike náà kalẹ̀. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí. "Àwọn tó kù á máa bá ẹ dín in nígbà náà. Àbí kó o máa fi nǹkan bojú. Ìyẹn ò ṣòro. Bá a bá ti bó o tán, ṣe lèèyàn gbọ́dọ̀ máa bò ó."

Ìyá rẹ̀ ló wá sí Soliat lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ nídìí agbada, pẹ̀lú gèlè tó fà wálẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ooru má baà bà á. Ìyá rẹ̀ tí kì í jókòó síta lọ́sàn-án mọ́. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n kò rí ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ìkómọ ilé Maimunah, torí pé ó sá sẹ́yìn ènìyàn. Ó bó o, ó wá ń bò ó. Ìgbà wo ló máa ṣí i?

Soliat gbé ọwọ́ sókè, ó tú ohun tí wọ́n fi di irun rẹ̀. "Mi ò ṣe mọ́ mà. Ẹ má bínú."

"Soliat!" ni Maimunah pariwo. "Ìwọ lo ní ká wá o!"

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?" ni Ìyá Othniel bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni." Ó ti dìde. Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún Ìyá Sheriff, kó tó mọ̀ pé ìgbéyàwó náà lè bá ibẹ̀ lọ. Ó kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń gbé òun lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àfi bí ọ̀rọ̀ Ìyá Othniel ṣe tún dún létí rẹ̀. Bó o. Bò ó.

Ó dúró gbagidi.

"Àǹtí, fóònù Màámi dà?"

Fóònù náà ṣì wà nínú báàgì Maimunah, kò rántí fi sílẹ̀ nílé. Soliat gbà á. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó tún un kà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ohùn sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ẹ bá wa bó ojú ìyàwó wa. Ẹ bá wa bo ojú ìyàwó wa." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí Maimunah, ẹ wò ó. Ta ló ní bíbó ni?"

Maimunah la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu náà.

Ilé Ìyá Sheriff ò jìnnà sí ibẹ̀. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilé, tó ń yan ẹ̀gúsí, obìnrin dúdú gígùn kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo èèyàn wà lódìkejì odò. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó mi! Ta ló jẹ́ kó o rìn wá síbí nígbà tí ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí mà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ ni mo fẹ́ bèèrè."

"Ó dé, àbí? Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi! Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀gúsí. Ó wọlé, ó sì gbé ìbòjú kan jáde, ó funfun, ó gùn, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀. "Èyí ni mo rà. Mo fẹ́ kí ẹ fi bò ó dáadáa láti ilé, kí ẹnikẹ́ni má rí i lọ́nà. Àwọn obìnrin ilé wa láṣejù, wọ́n á ti fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ tán kó tó wọlé. Nílé wa, wọ́n máa ń bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ á wá ṣí i lójú. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ìyá ọkọ tèmi náà ló kọ́kọ́ rí mi."

Soliat gbìyànjú kó má sunkún, kò ṣeé ṣe. Maimunah ló wá sọ ọ́, ó ń kálòlò, ojú ń tì í, pé bíbó làwọn kà á sí.

"Bíbó?" Ìyá Sheriff wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. "Bó ojú ta? Ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ gbé wá fún mi ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó jókòó. Ó fi ìbòjú náà lé itan. "Ẹ sì gbà pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo dúdú báyìí."

Maimunah wolẹ̀.

"Súnmọ́ mi," ló wí fún Soliat. Ó fi ọwọ́ tó kún fún òórùn ẹ̀gúsí kan àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Epo ló ta sí ẹ níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó máa ń dun èèyàn. O kú iṣẹ́."

Ìgbà tí wọ́n padà dé Ìkirè, oòrùn ti ń wọ̀, Jímọ́ọ̀ ti ti oko dé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ojú Soliat ló kọ́kọ́ wò, kò wo ẹlòmíràn. Ó mí kanlẹ̀. "Àlùhámúdùlíláì, mo dá ẹni yìí mọ̀." Ìgbà tí wọ́n sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ẹ̀rín pa á débi pé ó di ògiri mú. "Bò! Ó ní kí wọ́n bò ó! Mo ti sọ fún gbogbo ará oko pé mo máa ju iṣu wọn síta!" Ó dìde lọ bá lèmọ́mù, torí ó ti yà síbẹ̀ láàárọ̀ sọ pé kò sí yìgì mọ́, ó sì fẹ́ lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Sàlámọ̀tù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kó dòdò tó kẹ́yìn kúrò nínú epo.

"Màámi," ni Soliat wí, "kí ló dé tí gbogbo wa kà á bẹ́ẹ̀? Ìyàwó ni mí, Mùsùlùmí ni wá, bíbò ló yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹnìkan ṣoṣo ò ronú ẹ̀ nínú ilé yìí."

Ìyá rẹ̀ gbé agbada kalẹ̀. Ó da omi sí iná títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ló tú gèlè rẹ̀, gbogbo ẹ̀, ó ká a sórí itan, ó sì gbé ojú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ó ti pẹ́ tí Soliat ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó pupa, ó ti sán nísàlẹ̀ ojú.

"Wò ó dáadáa," ni Sàlámọ̀tù wí. "Àárọ̀ ni mo ti fẹ́ bèèrè. Dókítà tí Ìyá Ọlọ́runtóbi ń sọ yẹn, ní Ifẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń gba àgbà?"

"Wọ́n máa ń gba gbogbo èèyàn, Màámi. Lọ́jọ́ Ajé la máa lọ, èmi pẹ̀lú yín. Tó bá ku ohun tí wọ́n lè ṣe sí àpá tèmi náà, wọ́n á sọ fún wa."

"Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó á dúró dè wá."

Maimunah ti lọ bu omi tútù nínú ìkòkò. Soliat gbà á, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó wá aṣọ tó rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín bọ́jú. Kò ní sí ọṣẹ ńbẹ̀."

Sàlámọ̀tù di ojú. Omi kàn án, kò ta á. Omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí gèlè.

"Soliat."

"Màámi."

"Bọ́jú tó o sọ yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ ìyẹn sórí fóònù?"

Soliat rò ó. "Bákan náà ni, Màámi."

Ìgbà yẹn ni Sàlámọ̀tù tó wá bú sẹ́rìn-ín.